Louis Kẹwàá bímọ o, Olóòtú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn wa. N kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ lẹ́tà sí oníwèé ìròyìn. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi rán aṣọ ní Saint-Denis níbí, lẹ́bàá Paris, kí n tó fẹ̀yìn tì. Abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe kálámù. Ṣùgbọ́n mo ka abala ìtàn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí fóònù ọmọ mi, mo tún un kà, oorun kò sì kùn mí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ níbẹ̀ pé Louis Kẹwàá, ọba Faransé, fi oṣù méjìdínlógún jọba láìṣe nǹkan kan, pé ó gbá bọ́ọ̀lù, ó mu wáìnì tútù, ó sì kú láìní àrólé.

Bọ́ọ̀lù, mo gbà. Wáìnì, mo gbà díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ "láìní àrólé" yẹn ni n ò gbà. Ọkùnrin yẹn bímọ. Jeanne ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì gbé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí i lókè eèpẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Èwo wá ni ti láìní àrólé?

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn mí nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sin àwọn ọba Faransé sí láyé àtijọ́, inú ìlú tí mò ń gbé yìí ló wà. Láti ilé mi dé ibẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, tí n ò yà wò ó. Ọmọ ọmọ mi ló mú mi wọ ibẹ̀. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú lọ ya àwòrán ibojì kan wá. Wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò gba ti ọmọdé. Òkúta funfun báyìí ni gbogbo wọn, ọba lọ, ayaba bọ̀, wọ́n nà gbalaja, wọ́n pàtẹ́wọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Aránṣọ ni mí, aṣọ ara wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó gbẹ́ ìṣẹ́po aṣọ wọ̀nyẹn mọ bí aṣọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lára èèyàn tó dúró, ó kàn gbàgbé pé ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà ni.

Ọmọ yìí kò wo àwọn ńlá. Ìdí ère kékeré kan ló dúró sí, ère ọmọkùnrin kan tó sùn ti ọkùnrin àgbà kan. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló pa eléyìí?"

N ò mọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ kà á. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ilé ìkàwé ìlú wa, pẹ̀lú Faransé mi tó ń kọsẹ̀. Louis Kẹwàá ni ọkùnrin àgbà yẹn. Èyí kékeré ni Jean Kìíní, ọmọ rẹ̀, tó jọba fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún péré. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ọmọ tó ti ń rìn, mo rò pé kò sí bí agbẹ́kùúta ṣe fẹ́ gbẹ́ ọba tó ṣì wà nínú ìlédìí.

Wọ́n bí Louis ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1289. Philippe Kẹrin, tí wọ́n ń pè ní Philippe Arẹwà, ni bàbá rẹ̀. Jeanne, ayaba tó jọba Navarre fúnra rẹ̀, ni ìyá. Navarre jẹ́ ìjọba kékeré kan lábẹ́ òkè Pyrénées, apá ibi tó di Spéìn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Navarre yìí sápò ná, a ó padà wá mú un: obìnrin ló jogún rẹ̀, ọwọ́ obìnrin sì ni Louis ti gbà á. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1305, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Louis, ó sì di ọba Navarre ṣáájú ti Faransé. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Marguerite, ọmọ olórí ilẹ̀ Bourgogne. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1312, Marguerite bí Jeanne fún un.

Ẹ tún kọ "Hutin" sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ oríkì. Èébú ni o. Alágídí, oníjàgídíjàgan, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

Ní 1314 ni ilé náà dàrú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Philippe Arẹwà ní, Louis, Philippe àti Charles, gbogbo wọn ló ti gbéyàwó. Ọmọbìnrin rẹ̀, Isabelle, wà nílé ọkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣe ayaba níbẹ̀. Isabelle yìí ni wọ́n sọ pé ó tú àṣírí àwọn ìyàwó ilé wọn fún bàbá: pé Marguerite ìyàwó Louis àti Blanche ìyàwó Charles ń fẹ́ ọmọ ogun méjì kan lẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àwọn ará ilé d'Aunay. Ní Pontoise ni wọ́n ti pa àwọn ọkùnrin náà ní gbangba. Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n kí ẹ̀mí tó bọ́ kì í ṣe ohun tí mo lè kọ sínú ìwé tí ọmọdé ń kà. Wọ́n fárí àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n sì kó wọn lọ sí Château-Gaillard, ilé olódi kan lókè odò Seine ní Normandie. Jeanne ìyàwó Philippe, ẹ̀gbọ́n Blanche, wọ́n ní ó mọ̀, kò sọ. Wọ́n tì í mọ́lé ní Dourdan, wọ́n sì padà dá a sílẹ̀.

Jeanne kékeré wá ńkọ́? Ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń yọ́ ọ sọ pé ta ló mọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sọ pé ìyá ṣẹ̀ di àbàwọ́n lára ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ já geere.

Philippe Arẹwà kú ní Fontainebleau ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Louis sì di ọba Faransé lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ohun kan wà tí ẹ kò kọ, tó sì jẹ́ pé òun ló ti gbogbo nǹkan. Kò sí Póòpù. Clément Karùn-ún ti kú ní oṣù Kẹrin 1314, àwọn kádínà sì ń bá ara wọn jà. Wọn kò yan ẹlòmíràn títí di oṣù Kẹjọ 1316, nígbà tí Louis ti lo oṣù méjì nínú ibojì. Gbogbo àsìkò tí ọkùnrin yìí fi jọba, àga Póòpù ṣófo. Ẹ wo ipò tó wà: ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, kò ní ọmọkùnrin, kò lè fẹ́ ẹlòmíràn, ẹni kan ṣoṣo tó lè tú ìgbéyàwó náà ká kò sì sí láyé. Wọn kò gbé e lọ sí Reims fún ìwúyè fún odidi oṣù mẹ́sàn-án.

Ní 1315, Marguerite kú nínú ẹ̀wọ̀n yẹn. Àwọn kan ní wọ́n fún un lọ́rùn ni, ẹ̀rí kò sí. Ohun tó dájú ni pé yàrá òkúta kì í ṣe ibùgbé, àti pé kò pẹ́ tó kú tí Louis fi gbé Clémence níyàwó, ọmọ ọba láti ìdílé Họ́ńgárì tó dàgbà ní Naples. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1315 ni wọ́n dé Louis ládé ní Reims. Kíá báyìí! Ẹni tó bá ní kò sí nǹkan tó ń run nínú ọ̀rọ̀ náà, imú rẹ̀ ló dí.

Ọ̀rọ̀ Enguerrand de Marigny tún wà níbẹ̀. Òun ni àgbà ìjòyè bàbá Louis, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ìjọba wà. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà kórìíra rẹ̀, ẹni tó kórìíra rẹ̀ jù sì ni Charles de Valois, àbúrò bàbá Louis. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn owó kàn án, kò múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọba ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú, kó máa lọ sí Kípírọ́sì. Ìgbà náà ni wọ́n gbé ẹ̀sùn oògùn dé, pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi ìda mọ ère ọba láti fi pa á. Ọba jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1315, wọ́n so ó kọ́ ní Montfaucon, níbi tí wọ́n ti ń so àwọn olè. Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: nígbà tí Louis fẹ́ kú, ó fi 10,000 livres, owó Faransé ìgbà náà, sílẹ̀ nínú ìwé ogún rẹ̀ fún àwọn ọmọ Marigny. Charles de Valois pàápàá, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní 1325, ó ní kí wọ́n pín owó fún àwọn aláìní ní Paris, kí wọ́n sì máa bá òun tọrọ àdúrà, fún Enguerrand kọ́kọ́, kó tó kan òun Charles. Mo ka ibẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi, ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé kò jẹ̀bi ni?" Mo ní kó jẹun rẹ̀.

Ẹ ní kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọlọ́lá tí bàbá rẹ̀ ti fi owó orí fún lọ́rùn kó ẹgbẹ́ jọ láti ẹkùn dé ẹkùn, Louis sì ń fi ìwé àdéhùn bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lókìkí jù ni ti àwọn ará Normandie, oṣù Kẹta 1315, tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn náà. Ó tún gba àwọn Júù padà sílùú, àwọn tí bàbá rẹ̀ lé jáde ní 1306, ó fún wọn ní ọdún méjìlá. Kì í ṣe inú rere. Wọ́n sanwó ìwọlé, wọ́n ní láti máa lẹ àmì mọ́ aṣọ, nínú gbèsè àtijọ́ tí wọ́n bá sì rí gbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta di ti ọba.

Irú ìwà yìí náà ló hù lórí òfin tó lókìkí jù nínú gbogbo òfin rẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí pé mo rí àwọn ará wa tó máa ń fi í yangàn fún Faransé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1315, ó kọ ọ́ pé gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá, òmìnira ló yẹ kí wọ́n bí olúkúlùkù sí, àti pé níwọ̀n bí wọ́n ti ń pe ilẹ̀ òun ní ilẹ̀ àwọn Franc, tí franc sì túmọ̀ sí òmìnira, ó yẹ kí ìwà bá orúkọ mu. Ọ̀rọ̀ dídùn. Ta ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá kàn? Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe ẹrú tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọn kì í sì í ṣe ìwọ̀fà tó lè san gbèsè kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Bí olówó ilẹ̀ kò bá yọ̀ǹda, wọn kò lè fẹ́yàwó lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá kú láìní ọmọ tó ń bá wọn gbélé, olówó ilẹ̀ ló ń jogún wọn.

Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ọba nìkan ni Louis sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá yòókù. Òmìnira ọ̀hún náà, owó ni. Ó rán àwọn aṣojú jáde láti lọ dúnàádúrà. Ẹni tó bá rówó rà, ó di òmìnira. Ẹni tó bá ní òun kò rà, òfin náà ní kí wọ́n wo bí ọrọ̀ rẹ̀ ṣe tó, kí wọ́n sì bu owó ogun lé e lórí dáadáa. Ọ̀pọ̀ kò rà. Ṣé ẹ rí i, bí èèyàn bá bí mi lómìnira, kí ni mo tún ń rà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn agbẹjọ́rò ìgbà tó yá gbé òfin yìí gùn bí ẹṣin, wọ́n ní ẹrú tó bá ti tẹ ilẹ̀ Faransé ti di òmìnira. Ní 1571 ní Bordeaux, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan kó àwọn èèyàn dúdú wá láti tà, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ Faransé kò gba ẹrú. Ní 1685, Louis mìíràn, Kẹrìnlá, fọwọ́ sí ìwé òfin ẹrú fún àwọn erékùṣù òkè òkun. Ilẹ̀ Faransé kọ́ nìyẹn, ilẹ̀ wọn ni.

Ogun Flandre, ilẹ̀ kan ní apá àríwá, ni wọ́n fẹ́ fi owó òmìnira náà jà. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ dárúkọ ogun yìí. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé 1315, kò sì dá mọ́. Louis kó ogun lọ bá Robert, olórí Flandre, ó fẹ́ gba ìlú Courtrai. Ẹṣin rì sínú ẹrọ̀fọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè yí, oúnjẹ kò débẹ̀. Wọ́n dáná sun àgọ́ àti ẹrù tí wọn kò lè kó, wọ́n sì padà sílé láìja ìjà gidi kan. Òjò yẹn náà ló ba ọkà jẹ́ káàkiri apá àríwá Yúróòpù, ìyàn ńlá sì mú títí di 1317. Ọba kankan kò lè dá òjò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń rántí èyí bí wọ́n bá ń pe Louis ní ọ̀lẹ.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù. Ní Faransé, eré àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè é, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a nígbà náà. Ibẹ̀ ni tẹ́níìsì ti wá. Louis fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kò fẹ́ràn láti máa gbá a ní gbangba, ló bá ní kí wọ́n kọ́ ibi tó ní òrùlé fún un ní Paris. Wọ́n máa ń kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó ń gbá eré náà. Ní Vincennes, lẹ́bàá Paris, ìparí ìgbà ìrúwé 1316, ó gbá a títí ara rẹ̀ fi gbóná, ó wọ ibi tútù lọ, ó sì mu wáìnì tútù lé e. Ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni ó jọ. Ẹnu ayé ní májèlé ni, wọ́n sì nawọ́ sí Mahaut, ìyáàfin Artois, tó jẹ́ ìyá ìyàwó Philippe àbúrò Louis. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n dá a láre ní 1317.

Kí ọba tó dákẹ́, àkọsílẹ̀ sọ pé ó jẹ́wọ́ Jeanne. Ó ní ọmọ òun ni. Olóòtú, bàbá kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ ti dá àlàyé yín dúró gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Clémence lóyún. Philippe, àbúrò olóògbé, sáré gba àkóso ìlú. Ìyá Jeanne ọmọ ọdún mẹ́rin kò sí mọ́ láti gbèjà rẹ̀, àmọ́ Eudes, àbúrò ìyá rẹ̀, ti di olórí Bourgogne, ó sì dìde. Agnès, ìyá ìyá rẹ̀, náà dìde, obìnrin tí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, ọmọ bíbí inú Louis Kẹsàn-án, ẹni mímọ́. Ní oṣù Keje, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo wọn dúró de ìkókó. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, òun ni ọba.

Ó jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n bí Jean ní àárín oṣù Kọkànlá, ìtẹ́ sì jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tó ti ké. Kí oṣù tó pé, ó ti kú. Láti Hugues Capet ní 987 títí dé Louis, ọba méjìlá, gbogbo wọn ló fi ọmọkùnrin tó lè jọba sílẹ̀, ọdún 329 gbáko. Wọn kò ní òfin lórí obìnrin torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn kan máa ń sọ pé òfin Salic, òfin ìgbàanì àwọn Franc tí wọ́n ní kò jẹ́ kí obìnrin jogún ilẹ̀, ló dí Jeanne lọ́wọ́. Rárá. Lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan òfin Salic. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lọ gbọn eruku lára ìwé ìgbàanì yẹn láti fi ṣe àwáwí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Philippe lágbára, Jeanne sì kéré. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà kún ọjà lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1317, Philippe dé adé ní Reims, wọ́n ti ilẹ̀kùn odi ìlú, ọmọ ogun ń ṣọ́ ọ. Agnès kọ̀wé ta kò ó. Charles, àbúrò Philippe gan-an, bínú kúrò nílùú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Philippe pe àwọn ọlọ́lá, àlùfáà àgbà, ará Paris àti àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, wọ́n sì sọ ọ́ pé obìnrin kì í jọba Faransé. Lẹ́yìn tí adé ti wà lórí o!

Eudes ńkọ́, alágbàwí ọmọ? Ní 1318, Philippe fún un ní ọmọbìnrin rẹ̀ láya. Ó sì dákẹ́. Wọ́n fẹ́ Jeanne, ọmọ ọdún mẹ́fà, fún Philippe d'Évreux, ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ jọ̀wọ́ Faransé àti Navarre sínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Èmi náà bí obìnrin mẹ́ta, ìbejì wà nínú wọn, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ní "ọkùnrin ńkọ́?" Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó gbé ìwé wá bá ọmọ mi kó fọwọ́ sí i pé òun kì í ṣe ọmọ.

Ọ̀pá tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà ní àjà fún ìyàwó. Philippe kú ní 1322, obìnrin nìkan ló fi sílẹ̀, Charles àbúrò rẹ̀ sì fi òfin tí Philippe ṣe lé àwọn ọmọ Philippe sẹ́yìn. Charles kú ní 1328, ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n tún jókòó de ìkókó, ó jẹ́ obìnrin. Bí adé ṣe kúrò ní ilé wọn nìyẹn, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ Charles de Valois, Charles tó ní kí wọ́n so Marigny kọ́ yẹn. Isabelle tó tú àṣírí ní 1314 ní ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Kẹta, òun náà ní tòun ni adé. Ogun tó ti ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ní 1337, kò parí títí di 1453.

Jeanne gba Navarre. Ẹ rántí èyí tí mo ní kí ẹ fi sápò. Àwọn ará Navarre kò mọ òfin Paris, obìnrin ti jọba lórí wọn rí, nígbà tí Charles sì kú ní 1328, Jeanne ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Ní 1329, wọ́n dé òun àti ọkọ rẹ̀ ládé ní Pamplona. Ó bímọ púpọ̀, ọkùnrin wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Charles tí wọ́n ń pè ní Charles Burúkú, kò jẹ́ kí àwọn Valois sùn. Ní 1349, ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ńlá, Jeanne kú. Saint-Denis yìí náà ni wọ́n sin ín sí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ wà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ tún ibẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N ò ní kí ẹ kọ ọ́ gùn. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Jeanne, ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyàwó tó lóyún.

Àwòrán tí ẹ fi sí i náà ńkọ́? Ilé gogoro tí ẹ kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé "ibi tí Louis kú sí" yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ 13, mo bọ́ sí 1, mo lọ wò ó dé Vincennes lójú ara mi. Ó ga, ó sì dára. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Louis ni wọ́n kọ́ ọ, ìgbà ayé Charles Karùn-ún ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ wá òmíràn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ìbejì, Saint-Denis.